Ìlà Mẹ́rin Tó Wà Nísàlẹ̀ Lẹ́tà Ìdágbére

Ẹlòmíì á fi ọkùnrin ìta ba ilé ara ẹ̀ jẹ́, ẹlòmíì á fi tẹ́tẹ́ bà á jẹ́. Èmi, ìlà mẹ́rin ni mo fi ba tèmi jẹ́, mi ò sì jẹ adùn kankan nídìí ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Ìwé ni mò ń tẹ̀ jẹun. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, kọ̀ǹpútà kan, àti ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì kan tó máa ń há bébà sẹ́nu bó bá ti rí oníbàárà tó ń kánjú. Lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé àdéhùn, ìkìlọ̀ fún ayálégbé, ohun tẹ́ ẹ bá ti gbé wá ni mo máa tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí wa. Àwa tá a ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ojú ewé òfìfo. Bí iṣẹ́ tuntun bá dé, a ó ṣí fáìlì iṣẹ́ àtijọ́ kan tí etí ojú ewé ẹ̀ ti tọ́, tí ìwọ̀n lẹ́tà ẹ̀ ti dáa, a ó pa ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ rẹ́, a ó sì tẹ tuntun síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kéèyàn yí i dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kó wò ó bóyá ìrù iṣẹ́ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mi ò yí i dé ìsàlẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, kò sì fẹ́ràn mi. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́, ọmọ wá lọ gbé ẹni tó ń tẹ̀wé wálé. Fún ọdún márùn-ún gbáko, "ìyàwó ọmọ mi" ló ń pè mí, kò pè mí ní "ìyàwó mi" rí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í níṣẹ́ tí mò ń ṣe, á ní, "Ó ń tẹ nǹkan."

Ohun tí Màmá fẹ́ràn láyé ò ju méjì lọ: ọmọ ẹ̀, àti Àwọn Mẹ́rin.

Àwọn Mẹ́rin jẹ́ ẹgbẹ́ olórin, ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ti ń kọrin pọ̀ láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà nínú oyún. Èyí tí Màmá yàn láàyò nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Olóhùn Oyin. Bí Olóhùn Oyin bá ń kọrin nínú rédíò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ abọ́ nílé wa. Ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mò ń sọ yìí o. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ládùúgbò ní ìpàdé tiwọn, yàrá àlejò wa ni wọ́n sì ti ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tíṣà ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì lalága wọn.

Nígbà tí ìròyìn jáde pé Àwọn Mẹ́rin ti túká, Màmá wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Ọjọ́ méjì, kò jẹ, kò mu. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ọmọ kékeré.

Ọjọ́ kejì yẹn gan-an ni onígìtá wọn wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo mọ̀ ọ́n lójú. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ó fa fìlà bojú, fóònù wà létí ẹ̀, ó ń fi bú ẹnì kan. Ó ju bébà tó fọwọ́ kọ síwájú mi.

"Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé kan péré ni, ẹ má jẹ́ kó pẹ́." Ló bá padà sórí fóònù. "Èmi lò ń pè lólè? Èmi? Ìwọ tó o ta gìtá mi!"

Lẹ́tà ìdágbére ni. Kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ọ̀nà ti yà, kí àwọn olólùfẹ́ àwọn má dúró de àwọn mọ́. Orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ lé e. Mo ṣí fáìlì kan, mo pa ohun tí mo rí lójú ẹ̀rọ rẹ́, mo tẹ lẹ́tà náà, mo sì fà á jáde. Ó ya fọ́tò ẹ̀ lórí tábìlì mi níbẹ̀ láìkà á, ó fi ránṣẹ́ sójú gbogbo ayé, ó ká bébà sápò, ó sì ń bú èèyàn lọ.

Nígbà tí mo máa délé, Màmá ti ṣílẹ̀kùn. Ó na fóònù ẹ̀ sí mi.

"Ìyàwó ọmọ mi, wọ́n ní wọ́n kọ̀wé. Bá mi kà á, ojú mi ò gbé e."

Ojú Màmá nìyí, ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀. Ti òsì ti lọ tipẹ́. Ti ọ̀tún, àwọ̀ funfun kan ti ń bò ó. Ó ń rí èèyàn bàìbàì, kò lè ka ìwé. Dókítà ojú tó máa ń wá sí ọsibítù wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ti fún un lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ: Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù náà. Dókítà ò fi bọpo bọyọ̀. Ó ní bí wọ́n bá jẹ́ kó kọjá ìgbà yẹn, òun ò lè ṣèlérí pé ojú ọ̀hún á ṣì ṣeé là nígbà tóun bá padà wá. Èmi ló ń bá Màmá ka gbogbo ìwé, kì í ṣe pé ó wù ú, èmi nìkan ni mo máa ń wà nítòsí.

Mo kà á. Mo ka ìdúpẹ́, mo ka ọ̀nà tó yà, mo ka orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Omi ń dà lójú Màmá. Mo ti fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ ṣì kù nísàlẹ̀. Ẹnu mi ti ń kà á kí ọpọlọ mi tó dá mi dúró.

"Ẹ rántí o, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni.
Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbà wọlé.
Kí oníkálukú gbé garawa tiẹ̀ dání.
Ẹni tó bá pẹ́ dé, kó má dá wa lẹ́bi."

Mo mọ ìlà mẹ́rin yẹn bí ẹni mọ owó. Ìkìlọ̀ omi ni. Alábòójútó ilé alájà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló gbé e wá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹ̀rọ omi wọn ti bàjẹ́, ọkọ̀ omi ń bọ̀, ó sì fẹ́ kí àwọn ayálégbé ẹ̀ mọ ọjọ́ àti ọ̀nà. Fáìlì ẹ̀ ni mo ṣí.

"Dúró," ni Màmá wí. Ó ti dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo tún un kà.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo kà á nígbà kẹta. Màmá fi etí aṣọ nu ojú.

"Garawa," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ ò rí nǹkan. Wọ́n ń padà bọ̀! Bá mi wá búrẹ́dì."

Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ sọ òótọ́. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo tẹ lẹ́tà yẹn, ẹ jọ̀ọ́..." Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni "àṣìṣe ni." Kò ráyè jáde. Màmá ti di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ìwọ? Ọ̀dọ̀ ẹ ló gbé e wá? Ìyàwó mi! Kí ló sọ fún ẹ?"

Ìyàwó mi. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Mo ti sè fún un, mo ti fọ̀ fún un, mo ti gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́yìn ọ̀kadà nínú òjò, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ó sì dùn mọ́ mi débi pé mo ya òpònú lójú ẹsẹ̀.

"Ó ní..." Mo sún mọ́ ọn. "Ó ní kí n má fọwọ́ kan ìlà tó wà nísàlẹ̀ yẹn o."

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà ní ilé tá a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èmi, mo tún lọ kun tèmi lọ́dà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yàrá àlejò wa kún dẹ́nu. Tíṣà gbé ìwé ńlá kan àti bírò mẹ́ta wá.

"Ẹ jẹ́ ká fọpọlọ ṣe é," ló wí. "Ìlà mélòó ni?"

"Mẹ́rin!"

"Ọkùnrin mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́rin!"

"Ṣé ẹ ti ń rí i báyìí? Gbọ̀ngàn àtijọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọrin, ibo lẹnu ọ̀nà tí olórin ń gbà wọlé?"

"Ẹ̀yìn!" Gbogbo ilé mì tìtì.

Ó wá ku garawa. Ìyá aránṣọ ní omijé ni, pé nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kejì wọ́n kọrin pé omijé àwọn kún garawa. Ọkùnrin tó ń ṣe búrẹ́dì ní irọ́ ni, kò sí àga nínú gbọ̀ngàn yẹn, ńṣe la máa dojú garawa dé ká fi jókòó. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lura wọn. Tíṣà ní kí wọ́n dìbò. Omijé wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tó bá rẹ̀ lè jókòó lórí tiẹ̀. Aránṣọ tún rán wọn létí pé búlúù ni èèpo rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, nítorí náà garawa gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù.

Tíṣà wá yíjú sí mi. "Akọ̀wé, ẹ bá wa tún un sọ. Báwo gan-an ló ṣe sọ ọ́?"

Akọ̀wé! Mo tún jókòó dáadáa.

"Ó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn," mo wí, "ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó tún ṣẹ́jú sí mi."

"Ojú wo?"

"Ẹ ní?"

"Ojú ọ̀tún ló ṣẹ́ ni àbí tòsì?" Bírò ti wà lójú ìwé.

"Ti... òsì."

"Tòsì!" ni Tíṣà wí, ó sì fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ó bi mí pé àwọn olórin yẹn ńkọ́, ṣé wọn ò lẹ́nu ni? Wọ́n lẹ́nu. Oníròyìn bi Olóhùn Oyin nípa ìlà mẹ́rin náà lórí rédíò. Ó ní, "Ẹ lọ bi àwọn tó kù." Wọ́n bi onígìtá. Òun náà ní, "Ẹ bi àwọn tó kù." Ó yé mi yékéyéké. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, kálukú rò pé ẹnì kan nínú àwọn yòókù ló fi kún un láti fi bú òun. Ṣùgbọ́n nílé wa, àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa.

"Ẹ ò rí i pé ohùn wọn ṣọ̀kan!" ni Tíṣà wí. "Ẹni tó túká ṣe lè sọ ohun kan náà?"

Mo jẹ ayé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá ní kí n máa jókòó sórí àga tòun tó ní tìmùtìmù. Ẹran inú abọ́ ẹ̀ ń bọ́ sínú abọ́ mi. Ó ń sọ fún ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìyàwó mi ló tẹ̀ ẹ́ o, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n fi lé." Mo máa ń ṣe bí ẹni tó tijú. Mi ò tijú rárá.

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí nọ́ọ̀sì ojú pè láti rán wa létí Ọjọ́rú.

"Ẹ kí dókítà fún mi," ni Màmá dá a lóhùn. "Ẹ sọ fún un kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Ó di ìgbà míì tó bá wá."

Mo ń bó ọsàn lọ́wọ́. Ọ̀bẹ dúró.

"Màmá, ìgbà míì kẹ̀? Oṣù mẹ́fà nìyẹn o. Ẹ gbọ́ ohun tí dókítà sọ."

"Mo gbọ́. Ó tún sọ pé bí wọ́n bá ṣe é tán, mi ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, mi ò gbọdọ̀ gbé nǹkan, mi ò gbọdọ̀ sí láàárín èrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣé kí n wá so báńdéèjì mọ́jú lọ́jọ́ tí Àwọn Mẹ́rin máa padà ni? Ìyàwó mi, láti ọdún tí mo ti ń gbọ́ wọn, mi ò fojú kàn wọ́n rí. Bàbá ọkọ ẹ ò jẹ́ kí n lọ nígbà ayé ẹ̀. Ojú kan ló kù fún mi. Jẹ́ kí n fi wò wọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ojú kan ṣoṣo ló kù fún obìnrin yìí, èmi ló sì fẹ́ bá a fọ́ ọ pẹ̀lú ìkìlọ̀ omi.

Ọkọ mi pè mí sẹ́yìn ilé.

"Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó lọ," ló wí. "Tìẹ ló ń gbọ́ báyìí. Èmi ọmọ tó bí, kò dá mi lóhùn."

Mo ní mo máa ṣe é. Ọgbọ́n àrékérekè ni mo kọ́kọ́ dá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo nawọ́ nínú ìpàdé.

"Mo rò ó," mo wí, "wọn ò sọ oṣù wo. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n sọ. Ó lè jẹ́ oṣù tó ń bọ̀. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ ti ìdajì ọdún sí i."

Tíṣà bọ́ dígí lójú, ó nù ún, ó gbé e padà.

"Akọ̀wé, ẹ dákun," ló wí. "Títẹ̀ ni iṣẹ́ yín. Ìtumọ̀ ni tiwa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jókòó.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, mo wọ yàrá lọ bá Màmá. Màmá ti ra garawa búlúù onídèérí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi aṣọ nù ún. Mo kúnlẹ̀ tì í.

"Màmá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Ìlà mẹ́rin yẹn, kì í ṣe ara lẹ́tà. Ìwé ẹlòmíì ni. Àṣìṣe tèmi ni."

Ó ń nu garawa lọ. "Ọkọ ẹ ló ní kó o wá sọ bẹ́ẹ̀."

"Rárá, Màmá."

"Kí n lè lọ sí ọsibítù. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi, àmọ́ ẹ má fi irọ́ ṣe é." Ó gbójú sókè, ó ń wá ibi tí ojú mi wà, ó sì gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Ṣebí ìwọ lo sọ pé ó ní kó o má fọwọ́ kan án? Ṣebí ó ṣẹ́jú sí ẹ? Ṣé o parọ́ nígbà yẹn ni, àbí ìsinsìnyí lò ń parọ́?"

Ibẹ̀ ló ti yẹ kí n jẹ́ ọmọlúàbí. Gbólóhùn kan péré ni: mo parọ́ nígbà yẹn. Mo wo ọwọ́ ẹ̀ tó wà léjìká mi.

"Ó lè jẹ́ pé... mi ò gbọ́ ọ dáadáa," mo wí.

"Ó dáa. Lọ sinmi, ìyàwó mi. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ẹ."

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ku ọjọ́ kan. Mo rò ó pé bí ẹnu mi ò bá lè sọ ọ́, bébà á sọ ọ́. Mo lọ sí ilé alájà mẹ́rin yẹn lọ́sàn-án. Ìkìlọ̀ omi náà ṣì wà lára ògiri níbi àtẹ̀gùn, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú déètì àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi lókè. Èrò mi ni pé kí n mú un fún Màmá ní bòókẹ́lẹ́ kí àwọn èèyàn tó dé. Bí a bá jọ wà nínú yàrá, tí ọkọ mi sì bá a kà á, ó tán. Ẹlòmíì ò ní gbọ́ sí i. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo fà á ya.

"Ta nìyẹn!"

Alábòójútó ni. Kò ga, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìdí ẹ̀ á tó ọgbọ̀n, gbogbo wọn ló ń dún.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń ya ìkìlọ̀ mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbowó tẹ̀ ẹ́?"

Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi sáré. Mo sáré. Ó sáré tẹ̀ lé mi. Àgbàlagbà méjì la fi eré já òpópó mẹ́ta, ọ̀kan ń dún ṣaworo ṣaworo lẹ́yìn. Mo ti ìlẹ̀kùn yàrá àlejò wa wọlé, mo rò pé Màmá nìkan ni mo máa bá.

Tíṣà ti fi wákàtí méjì pe ìpàdé ṣáájú àkókò ẹ̀. Èèyàn tó tó ogún ló wà níbẹ̀, kálukú ló gbé garawa búlúù sí iwájú ẹsẹ̀, wọ́n ń dán ìlà tí wọ́n máa tò sí wò.

Alábòójútó wọlé lẹ́yìn mi. Ó wo garawa. Ó tún wo garawa. Ojú ẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" ló pariwo. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wá pọn omi ayálégbé mi! Ó dájú, ẹ̀yin wọ̀nyí kì í ṣe ará ilé mi. Ẹ tiẹ̀ ti ra garawa!"

"Ọ̀gbẹ́ni, omi wo?" ni Tíṣà bi í.

"Omi wo?" Ó já bébà gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè. "Ẹ ò lè kàwé ni? 'Sí gbogbo ayálégbé. Ẹ̀rọ omi wa bàjẹ́. Ọkọ̀ omi yóò wá. Ẹ rántí o, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni...'"

"'Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbà wọlé,'" ni aránṣọ wí láìmọ̀, nítorí ó ti há a sórí.

Àwọn mélòó kan ti bá a dá sí i. "'Kí oníkálukú gbé garawa tiẹ̀ dání...'" Wọ́n jọ kà á délẹ̀ bí ẹni ń kọ orin ìsìn. Ìgbà tí wọ́n kà á tán ni wọ́n tó gbọ́ ohun tí wọ́n kà.

Ẹnì kan rọra fi ẹsẹ̀ ti garawa sábẹ́ àga.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ni Alábòójútó wí, ẹnu ti ń yà á. "Ta ló tún sọ pé òun ló kọ ọ́?"

Tíṣà gba bébà, ó wo déètì, ó wo orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wò mí. Ṣùgbọ́n Tíṣà ò gbà kíákíá. Ó fọwọ́ ra àgbọ̀n.

"Ẹ dúró ná," ló wí. "Nínú gbogbo fáìlì tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn, kí ló dé tó fi jẹ́ èyí ló ṣí? Ẹ jẹ́ ká ronú..."

"Tíṣà, ẹ jókòó," ni Màmá wí.

Ó jókòó.

Màmá ò dìde. Ó kọjú sí ibi tó ti gbọ́ èémí mi.

"Ọkùnrin onígìtá yẹn, ó sọ nǹkan fún ẹ àbí kò sọ?"

Kò sí ibi tí mo fẹ́ sá gbà mọ́. "Kò sọ nǹkan kan, Màmá."

"Kò ní kó o má fọwọ́ kan án?"

"Rárá, Màmá."

"Kò ṣẹ́jú?"

"Kò tiẹ̀ wojú mi, Màmá. Fóònù ló ń fi bú èèyàn."

Mo gbọ́ bírò Tíṣà tó ń pa nǹkan rẹ́.

"Kí ló dé?" ni Màmá bi mí.

Mo wo gbogbo wọn. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. "Ẹ pè mí ní ìyàwó yín," mo wí. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀ lọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Màmá tún bi mí. "Wọn ò padà bọ̀ mọ́ nìyẹn?"

"Wọn ò padà bọ̀, Màmá. Ó wà nínú lẹ́tà, lókè. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má dúró de àwọn."

Ó mi orí. Ó fọwọ́ wá garawa ẹ̀, ó gbé e, ó nà án sí ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń dún.

"Ẹ gbà, bàbá," ló sọ fún Alábòójútó. "Ó ní ìdérí. Ẹ fún ẹni tó bá nílò ẹ̀ nílé yín."

Ìpàdé tú. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, garawa ń gbá ara wọn gbàgà gbàgà. Ìyá aránṣọ nìkan ló sọ̀rọ̀ sí mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, Akọ̀wé." Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ yín bẹ́ẹ̀ yẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ mọ̀ nípa ojú náà. Wọ́n ṣe é, ó là. Màmá ń ka ìwé ìròyìn báyìí, ó ń ka ẹ̀yìn agolo mílíìkì, ó ń ka orúkọ ẹni tó ń pè mí lórí fóònù láti òdìkejì yàrá. Bó bá ka ìwé yìí, kò ní burú. Àwọn Mẹ́rin ṣì wà níbi tí wọ́n túká sí. Èmi náà ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ojú ewé òfìfo, ó ń pẹ́, àwọn oníbàárà ń kùn, mi ò dá wọn lóhùn.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn ni mo ní kí n sọ fún yín, nítorí ẹni tó bá ń dán irú ẹ̀ wò lọ́wọ́lọ́wọ́.

A dé ọsibítù ní aago méje, Màmá láàárín èmi àti ọkọ mi. Kò bá mi jà nílé, kò pariwo mọ́ mi. Ọkọ mi lọ gba káàdì. Nọ́ọ̀sì gbé fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda iṣẹ́ abẹ wá, ojú ewé méjì, ó ní kí Màmá ní kí ẹnì kan ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un kó tó fọwọ́ sí i.

Mo nawọ́. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń ka ìwé fún un, ọwọ́ mi kan lọ fúnra ẹ̀ ni.

Màmá mú fọ́ọ̀mù náà gba iwájú mi kọjá. Ó fi ìka tọ́ èjìká obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹni tá ò rí rí, tó ń dúró de ìyá tiẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi," ló wí, "ẹ bá mi kà á délẹ̀. Ẹ̀yin ò mọ̀ mí. Kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa parọ́ fún mi."

Obìnrin náà wò mí, ó wo Màmá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Mo jókòó síbẹ̀, ọwọ́ mi wà lórí itan, mo gbọ́ ọ títí tó fi kà á tán.